Yàrá Onígíláàsì ní Tòpó

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bàbá mi kọ́ sẹ́yìn ilé kò ní ògiri.
Òpó mẹ́rin, páànù, sìmẹ́ńtì tó ti sán,
àga ìyá mi kọjú sí ọ̀sà.
Òjò a máa fẹ́ wọlé láti ìhà òkun,
ẹ̀fọn a máa dé ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni wá sin gbèsè,
iyanrìn a sì bọ́ sínú ọbẹ̀.
Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo kó àjọ ọdún méjì,
mo ránṣẹ́ pe Mautin ọmọ Hunpe,
tó ń ṣe fèrèsé alumínọ́ọ̀mù ní Àjárá.

Ó dé pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù lọ́wọ́, pẹ́ńsù létí.
Ó fi èékánná ha ìṣó kan lára òpó,
ìṣó náà rún bí àkàrà àná.
"Iyọ̀ ló jẹ ẹ́. Afẹ́fẹ́ ibí yìí ní eyín.
Ẹ jẹ́ kí n fi gíláàsì dé ìdajì,
kí n fi pákó lúfà sí òkè, kí ilé lè mí."
Mo ní rárá o.
Gíláàsì láti ilẹ̀ dé àjà ni mo fẹ́,
bí èyí tí mo rí nílé ọ̀gá mi ní Ìkòyí.
Ó wò mí títí. Ó kọ iye owó sẹ́yìn páálí sìgá.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é.
Oòrùn àárọ̀ wọlé, ó na ara rẹ̀ gbalaja sórí táìlì
bí àlejò tí kò ní lọ mọ́.
Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.
Ìyá mi jókòó níwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
ó dìde,
ó wọ́ àga rẹ̀ lọ sí ìdí kànga.

Oṣù kẹfà dé. Òjò ò dá.
Gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.
Omi ń ṣàn nínú yàrá tí òjò ò kan.
Tìmùtìmù tuntun bu. Bàtà bu.
Àwòrán bàbá mi lára ògiri hu irùngbọ̀n aláwọ̀ ewé
tí kò hù nígbà ayé rẹ̀.
Mo nù ún, ó tún hù.
Mo ra fáànù, iná ò sí.
Tó bá di ọ̀sán, yàrá á di ìkòkò mọ́ínmọ́ín,
èmi tí mo sanwó ni ẹ̀wà.

Mo lọ bá ìyá mi nídìí kànga.
Mo ní, "Màámi, kí lẹ̀ ń wò níbí?
Ògiri ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò mà nìyí."
Ó ní, "Mi ò wo nǹkan kan. Etí ni mo ń lò.
Nígbà tí bàbá rẹ bá ń tukọ̀ bọ̀ láti Gbẹ̀rẹ̀fù,
mo máa ń gbọ́ àjẹ̀ rẹ̀ kí n tó rí i.
Gíláàsì rẹ fi ọ̀sà hàn mí,
ó sì fi ọwọ́ bo ọ̀sà lẹ́nu."

Mo tún pe Mautin. Kò rẹ́rìn-ín,
àfi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Wọ́n tú gíláàsì òkè kúrò; ọ̀kan fọ́, mo sanwó rẹ̀.
Wọ́n fi pákó àpá ṣe lúfà, wọ́n na nẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn rẹ̀,
ìṣó onídẹ ni wọ́n kàn, èyí tí iyọ̀ kì í tètè rí jẹ.
Ìjì àkọ́kọ́ tó jà, omi tó ife kan wọlé.
Mo jẹ́ kó wọlé.

Mi ò mọ ọjọ́ tí àga náà padà.
Mo kàn jí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan,
mo bá ìyá mi lórí rẹ̀, ó dijú,
afẹ́fẹ́ ń gbé etí gèlè rẹ̀,
àjẹ̀ ẹnìkan ń lu omi lọ́nà jíjìn.

Mo mú àkísà, mo fẹ́ nu ojú bàbá mi.
Kò lajú. Ó ní,
"Fi irùngbọ̀n yẹn sílẹ̀, Sẹnami.
Ó yẹ ẹ́."